Wọ́n Ní Ojú Flora Dára

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ẹ̀rù ò bà mí nígbà tí mo ń wá ẹni tí yóò fi lésà ṣiṣẹ́ lójú mi, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń tún ẹyinjú ṣe kí èèyàn lè bọ́ awò sílẹ̀. Ẹ̀rù ò bà mí. Ẹni tí ara rẹ̀ ti kú, kí ni ẹ̀rù fẹ́ rí dì mú níbẹ̀? Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n wá gbé orí lé ọlọ lọ́dún náà, ohun kan ṣoṣo tí mi ò bá bi í ni bóyá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni tàbí ẹ̀gbẹ́ òsì.

Aurélie ni wọ́n ń pè mí. Kẹ́hìndé ni mí. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, iṣẹ́ mi ni kí n máa dán kajú wò fún àwọn tó ń rà á. Tí àgbẹ̀ bá gbé àpò dé láti Kaboua tàbí láti Boni, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́nu àpò ni mò ń wò. Gbogbo ayé ló mọ bí wọ́n ṣe ń to èyí tó dáa sókè. Mo máa ń ti apá bọ àpò títí dé abíyá, mo á bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀, mo á fi abẹ là á, mo á wo inú rẹ̀: èyí tó funfun, èyí tó ní àmì, èyí tó ti dúdú, èyí tó jẹ́ òfìfo. Mo ti dá àpò ẹni tó fi ìyá rẹ̀ búra padà. Wọ́n ń bú mi lẹ́yìn, wọ́n sì ń kí mi níwájú, kò kàn mí.

Iṣẹ́ ojú ni, ojú mi kò sì dára láti kékeré. Láìsí awò, ẹni tó bá dúró ní ìwọ̀n apá kan sí mi, èéfín ni. Ojú Flora, Táyé mi, mú bíi ti àwòdì. Nígbà tí tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Fádà rí i pé mò ń wo ìwé ọmọ ẹgbẹ́ mi kọ, tí wọ́n ra awò fún mi, Ìyá wa kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ohun tí a bá ṣe fún Kẹ́hìndé, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún Táyé. Ó bẹ aláwò títí tí ìyẹn fi fi gíláàsì lásán sínú férémù kan fún Flora, ẹni tí nǹkan kan ò ṣe ojú rẹ̀. Flora wọ̀ ọ́ ya fọ́tò lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó ń yún òun nímú. Bákan náà ni gbogbo nǹkan rí nílé wa. Bàtà, méjì. Aṣọ ọdún, méjì. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, wọ́n á na àwa méjèèjì, ìyẹn sì ni Flora kò gbà rárá, nítorí èmi ni mo máa ń ṣẹ̀.

Lọ́dún méjì ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, nínú oṣù kẹta, nígbà tí kajú ń rọ́ wọlé, mo gbé awò mi sórí àga, mo sì jókòó lé e. Ó rún wómúwómú. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Aláwò ní Parakou ní òun á ti ṣe òmíràn tán lọ́jọ́ Ẹtì. Mi ò lè dá lọ, torí ọkọ̀ Kútọnu ni mi ò bá wọ̀ dípò ti Parakou. Flora ti ṣọ́ọ̀bù onídìrí rẹ̀, ó ní òun á bá mi gbà á. Wọ́n ní Kẹ́hìndé ló ń rán Táyé kó lọ tọ́ ayé wò. Èmi ni mo rán an. Nígbà tó ń bọ̀, táksì tó wọ̀ forí sọ ọkọ̀ àjàgbé kí wọ́n tó dé Tchaourou. Wọ́n gbé e padà sí ọsibítù ní Parakou. Ìyá lọ bá a níbẹ̀, èmi dúró sílé, torí ta ló fẹ́ máa fa afọ́jú lọ́wọ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ kejì ni wọ́n pè wá. Awò mi wà nínú àpò rẹ̀, ó fi ìborùn wé e. Kò ha, kò fọ́. Òun ni mo wọ̀ sin ín.

Mi ò sunkún. Mo ń retí ẹkún náà bí èèyàn ṣe ń retí ọkọ̀ tó pẹ́, nígbà tó yá mo dìde kúrò níbẹ̀. Mo jẹun, mo ṣiṣẹ́, mo dá àpò àwọn èèyàn padà. Àwọn ará àdúgbò ní ọkàn mi ti di òkúta. Mo gbọ́ wọn. Òkúta Ṣábẹ̀ẹ́ pàápàá máa ń gbóná tí oòrùn bá ràn sí i, èmi kò gbóná.

Ìyá ní tirẹ̀ kò jáwọ́ nínú méjì méjì. Bó bá gbé ẹ̀wà kalẹ̀, àwo méjì. Nígbà Kérésì ó rán aṣọ méjì tí gígé rẹ̀ dọ́gba, ó ká ti Flora sínú àpótí. Nílẹ̀ wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. Àwa náà a máa sọ ọ́ bí àwọn Fọ̀n, a ní ó lọ ṣẹ́ igi. Ìyá kò tilẹ̀ gbà láti sọ ìyẹn. Bí àlejò bá béèrè Flora, Ìyá á ní, kò tíì dé. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà fún òkú ní ṣọ́ọ̀ṣì, á jáde lọ wo bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò bá a jiyàn, ká má tilẹ̀ sọ tèmi.

Òun náà ló kọ́kọ́ gbọ́ nípa lésà, lórí rédíò. Ó pè mí, ó ní òun kò fẹ́ rí awò yẹn lójú mi mọ́. Mo ní ó dáa. Mi ò sọ fún un pé láràárọ̀, kí n tó la ojú tán, tí ọwọ́ mi bá ti kan awò náà lórí àpótí, mo máa ń rántí ẹni tó gbà á wá. Ẹ ní kí ló dé tí mi ò ra òmíràn? Òmíràn náà, ẹnì kan ní láti lọ gbà á ní Parakou. Mo fẹ́ kí ojú mi dá dúró, kó má tún rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ mọ́. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ láyé lákòókò náà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ jù.

Landry, ọmọ àbúrò Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Kútọnu, ló bá wa wádìí. Gbogbo èèyàn ló dámọ̀ràn. Ẹnì kan ní ẹ̀rọ tuntun ni ká wò, ẹlòmíì ní ibi tí agbábọ́ọ̀lù kan ti ṣe tiẹ̀, ẹ̀gbọ́n kan láti Ìbàdàn tó ń ta páàtì ọkọ̀ níbí ní ká fi Kútọnu sílẹ̀ ká kọjá sí Nàìjíríà. Ẹni tí kò ní fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ ló máa ń mọ ibi tó dáa jù. Landry yọ ilé ìwòsàn méjì jáde, ó gba rándévù, ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n á rí mi, ní méjèèjì, ọ̀kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èkejì lọ́jọ́rú, ó ní kí n wò ó kí n yan èyí tó bá wù mí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Ìyá ti mú ìwé ìbí méjì nínú àpótí, ó ti ní kí wọ́n ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí Landry lórí Wasáàpù. Landry mọ ilé tí wọ́n ti bí i. Kò bi Ìyá léèrè, ó gba rándévù ẹni méjì.

Èyí àkọ́kọ́, dígí ni gbogbo ara ilé náà. Wọ́n fún mi ní omi tútù nínú ike kékeré. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú ti to ìwé méjì sórí tábìlì, mo sì rí orúkọ Flora lára ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ rekete. Ó bi mí bóyá àbúrò mi wà lọ́nà. Landry ló dá a lóhùn pé ó ń bọ̀. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà. Wọ́n gbé àgbọ̀n mi lé ẹ̀rọ kan, wọ́n gbé e lé òmíràn, wọ́n fi fídíò àwọn tó ń sáré létí òkun láìwọ awò hàn mí. Wọn ò bi mí ní ohun kan nípa ara mi. Wọ́n ní àwọn á fi èsì ránṣẹ́. Nígbà tí a jáde, omi ọwọ́ mi ṣì tutù.

Èyí kejì wà lókè ilé ìtajà aṣọ kan. Bẹ́ǹṣì onípákó, èèyàn kún, Landry ní òun á dúró nísàlẹ̀. Dókítà Tọ́ládé ni orúkọ obìnrin tó wò mí, ará Kétu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Ìyá mi lọ́jọ́ orí. Awò wà lójú òun náà, mo sì rò ó nínú ara mi pé ẹ wo ẹni tó fẹ́ gba awò lójú mi. Ó wọn ojú mi, ó kán oògùn sí i, ó ní kí n lọ jókòó, ó tún un wọ̀n, ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta. Ó béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ó béèrè bóyá mo máa ń fi ọwọ́ nu ojú. Mo ní tí omi èèpo kajú bá ta sí mi, tí ojú ń ta mí, kí ni mo tún fẹ́ fi nù ún? Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá mú ìwé kejì, ti Flora, ó wo ọjọ́ ìbí, ó wò mí.

Ó ní, "Ẹnì kejì rẹ dà?"

Mo ní, "Ó lọ ṣẹ́ igi."

Ó gbọ́ mi. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní pẹ̀lẹ́, ó fa ìlà kan gba orí orúkọ náà, ó sì ti ìwé ọ̀hún bọ inú àpótí tábìlì. Ó béèrè ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní Ìyá wa ni. Ó mi orí.

Lẹ́yìn náà ló sọ tèmi fún mi. Ó ní awọ tó bo ẹyinjú mi níwájú tinrin ju bó ti yẹ lọ, ti apá òsì sì ti ń yọ gọngọ síwájú díẹ̀. Lésà ń fá awọ yẹn ni. Bí òun bá fá èyí tó ti tinrin, ó lè máa yọ síwájú sí i títí tí awò pàápàá kò fi ní ran ojú náà lọ́wọ́ mọ́. Ó ní òun kò ní ṣe é. Ó ní kí n má nu ojú mọ́, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kí òun tún un wọ̀n, kí n sì máa wọ awò mi. Mo dúpẹ́. Mo sọ̀kalẹ̀ wá bá Landry, mo sọ fún un pé ebi ń pa mí. Ebi kò pa mí.

Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni èsì ilé ìwòsàn onídígí dé sórí fóònù. Ìyá ń bẹ iṣu lágbàlá. Kò gbọ́ Faransé, ó ní kí n kà á fún òun. Mo ka tèmi: ojú ọ̀tún dára fún lésà, ojú òsì dára fún lésà. Mo ṣí ìwé kejì. Ti Flora ni. Wọ́n kọ iye tí awọ ojú rẹ̀ nípọn tó, apá ọ̀tún, apá òsì. Wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n wò ó. Wọ́n ní ojú Flora dára, ó dára ju tèmi lọ, kí àwa méjèèjì wá lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní kí n tún ti Flora kà. Mo tún un kà. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún méjì. Ó ní kí n lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà wá fún òun. Nígbà tí mo mú un dé, ó fi ìka tọ orúkọ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ní láti ọdún méjì yìí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ ọmọ òun sórí ìwé tuntun mọ́. Ó ní ibẹ̀ ni a ó lọ.

Mo sọ fún un pé dókítà kejì kọ̀, mo sọ ohun tó sọ. Ó ní ẹnì kan ní kò dáa, ẹnì kan ní ó dáa, èyí tó ní ó dáa kò kórìíra wa. Mo ní ó dáa, Ìyá.

Ẹ má fojú òmùgọ̀ wò mí. Èmi tí mò ń ti apá bọ ìsàlẹ̀ àpò! Mi ò wá ìdí àpò wọn, Ìyá mi ló bá mi ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìmọ̀, ohun tó sì bọ́ sí wa lọ́wọ́, òfìfo ni. Àwọn tó wọn ojú ẹni tí kò wá, kí ni wọ́n wọ̀n lójú ẹni tó wá? Bó bá jẹ́ àgbẹ̀ ni, ojú títì ni mi ò bá da kajú rẹ̀ sí. Mo mọ̀ pé wọ́n lè fọ́ mi lójú. Mo rò ó dáadáa, mo sì rí i pé kò dùn mí. Ojú tí Flora tìtorí rẹ̀ lọ, bó bá lọ, ó lọ nìyẹn. Mo ní kí Landry sọ fún wọn pé a ń bọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́rú ni a fẹ́ wọ ọkọ̀. Landry ti bá wa sọ fún dírẹ́bà kan tí yóò gbé wa lẹ́nu ilé. Nígbà tí mo jáde láti ibi ìwẹ̀, Ìyá ti di báàgì méjì, aṣọ Kérésì Flora ló wà lókè èkejì. Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó, bébà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n tún un kà fún òun kí ọkọ̀ tó dé. Mo kà á. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí.

Ìyá ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n ní àwọn wo ojú rẹ̀?"

Mo ní, "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo lọ."

"Ta ló wò ó?"

Mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀. Mo ní wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá gba bébà náà, ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sórí itan.

Ó ní, "Èmi ni mo pa ojú yẹn dé. Ní Parakou. Ti òsì gbà, ti ọ̀tún kọ̀, ó ń là. Mo fi ọwọ́ mi dì í mú títí ó fi gbà."

Mi ò gbọ́ èyí rí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró síbẹ̀ tòun ti aṣọ ìnura lọ́rùn, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ọwọ́ sí. Ìta ti ń dún, ọkọ̀ ti dé.

Ó ní, "Wọn ò wo ẹnikẹ́ni, Aurélie. Irọ́ ni wọ́n kọ. Wọ́n á pa irọ́ mọ́ ìwọ náà lójú." Ó wò mí, ó sì sọ ọ́: "Flora kú. Ọmọ mi kú, kò níí dé mọ́. Ìwọ nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́. O ò ní bá ọkọ̀ yẹn lọ."

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Fádà, mo ti kà á nínú ìwé ọsibítù. Ó ń gba etí kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde. Ti àárọ̀ yẹn dúró. Ó rọra sọ̀kalẹ̀ sí mi láyà, ó jókòó síbẹ̀, ó dùn mí, ó dùn mí dé eegun. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Ìyá. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ẹkún àbúrò mi bọ́ lẹ́nu mi fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ń ké jáde bí ẹni pé àná ni, Ìyá sì dì mí lórí mú. Dírẹ́bà fọn fèrè títí ó fi sú u, ó sì bá tirẹ̀ lọ.